MarineTraffic dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé gbogbo ọkọ̀ lẹ máa rí níbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí ọkọ tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, áàpù yìí tó gbà sórí fóònù, mo sọ ọ́ tìdánilójú. Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú ọkọ̀ tó ń kó kọntéínà, láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ilé wa ti ń fi MarineTraffic tọ ipasẹ̀ ẹ̀, kódà màmá wa tí wọn ò nífẹ̀ẹ́ fóònù rárá, àwọn gan-an ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa láàárọ̀ pé ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté, ó ti ń lọ. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó dáa níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun kan tí mo rí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lò ó ò mọ̀, wọ́n rò pé gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú òkun ló wà lórí máàpù yẹn. Àwọn ọkọ̀ ogun kì í sábà sí níbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lára ohun tó ti fa jàǹbá ńlá láàárín ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ ẹrù.

Ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, ní Yunifásítì Aegean, ní 2023 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kpler wá rà á. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, máàpù ayé lẹ máa rí, pẹ̀lú orí ọfà kéékèèké tó kún ojú omi, ọkọ̀ ẹrù ló ní àwọ̀ ewé, táńkà epo ni pupa, ọkọ̀ èrò ni búlúù. Ẹ fìka tẹ ọ̀kan, orúkọ ẹ̀ á jáde, àsíá orílẹ̀-èdè tó ń lò, bó ṣe ń sáré tó, ibi tó dojú kọ, èbúté tó ń lọ. Ẹ fà á wá sí Èkó níbí kẹ́ ẹ wo iwájú Apapa àti Lekki, ẹ máa rí àwọn ọkọ̀ tó dákọ̀ró síta tí wọ́n ń dúró kí àyè yọ kí wọ́n lè wọlé, ẹni tó bá ti dúró sétí òkun rí tó ń wo iná wọn lálẹ́ tí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀fẹ́ ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwa mọ̀lẹ́bí nílò. Tí ọkọ̀ bá ti jìnnà sétí òkun, àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí ilẹ̀ ò ní lè gbọ́ ọ mọ́, sátẹ́láìtì ló kù, ìyẹn sì gba owó. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, èèyàn inú ọkọ̀ ló ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, torí náà ọkọ̀ lè ti kúrò ní Kútọnu tipẹ́ kó ṣì máa sọ pé Kútọnu lòun ń lọ, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú.

Ohun tó ń gbé gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AIS. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń kéde ara ẹ̀ lórí rédíò VHF, èmi lágbájá rèé, ibi tí mo wà rèé, ibi tí mo dojú kọ rèé, báyìí ni mo ṣe ń sáré, bó bá wà lórí ìrìn kì í ju ìṣẹ́jú àáyá bíi 2 sí 10 lọ kó tó tún sọ ọ́, bó bá dákọ̀ró ó di ìṣẹ́jú 3 síra. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí á gbọ́, ẹ̀rọ etíkun á gbọ́, áàpù á wá kó gbogbo ẹ̀ jọ fún wa. Òfin àgbáyé tó ń jẹ́ SOLAS ló sọ ọ́ di dandan, látìparí 2004 ni ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ti tó tọ́ọ̀nù 300 tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn ti gbọ́dọ̀ gbé e sínú, tó sì gbọ́dọ̀ tàn án. Òfin yẹn ò mú ọkọ̀ ogun. Wọ́n ní àwọn ò lè máa kéde ibi táwọn wà fún ọ̀tá, ọ̀rọ̀ gidi sì ni, mi ò bá wọn jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú omi tí wọ́n ń gbà náà ni àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà, lóru, níbi tí ọ̀nà ti há, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbé ẹ̀rọ AIS náà sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi gbọ́ tàwọn ẹlòmíì tí àwọn fúnra wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún ṣe àwọn ọkọ̀ ogun ìsinsìnyí lọ́nà tí rédà ò fi ní rí wọn dáadáa, ọkọ̀ tó gùn ju mítà 150 lọ á wá hàn lójú rédà bíi pé kékeré ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti USS Fitzgerald, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, torí mo ti ka ìròyìn ìwádìí ẹ̀ débi pé ó wà lórí mi. June 17, 2017, ní bí aago kan ààbọ̀ òru, nílẹ̀ Jápáànù, lójú òkun tó wà níwájú Izu, ibi tí ọkọ̀ tó ń wọ Tokyo àti èyí tó ń jáde ti máa ń pọ̀ gan-an. Fitzgerald kúrò ní Yokosuka, ó ń lọ sí gúúsù, ó ń sá ní knot 20, ìyẹn bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan. ACX Crystal, ọkọ̀ kọntéínà tó ń lo àsíá Philippines, tó gùn ju mítà 220 lọ, ń ti Nagoya bọ̀ wá sí Tokyo, òun náà ń sá ní knot 18 àti ààbọ̀. Òfin ojú òkun ò ṣòro níbẹ̀ rárá, bí ọ̀nà ọkọ̀ méjì bá máa dábùú ara wọn, èyí tó rí ẹnìkejì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló máa yà fún un. Ọwọ́ ọ̀tún Fitzgerald ni Crystal wà. Fitzgerald ló yẹ kó yà, kò yà.

Kí ló fà á? Ẹni tí wọ́n ní kó máa fojú ṣọ́ òkun, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló wà, kò sẹ́ni kankan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó ń wòta, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn sì ni ọkọ̀ mẹ́ta ti ń bọ̀! Rédà wà o, wọn ò ṣètò ẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn tó wà lókè níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kápítéènì ń sùn, àṣẹ sì wà nílẹ̀ pé kí wọ́n jí i tí ọkọ̀ kankan bá sún mọ́ wọn, wọn ò jí i. Ní ti Crystal, ẹ̀rọ AIS ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ Fitzgerald, kò mọ orúkọ ẹ̀ tó lè fi pè é lórí rédíò, kápítéènì ẹ̀ sọ fún àwọn tó ni ọkọ̀ pé wọ́n fi iná ṣẹ́jú sí i, kò dáhùn. Àwọn olùwádìí ò dá Crystal náà sí o, wọ́n ní ó pẹ́ jù kó tó gbé ìgbésẹ̀.

Imú ọkọ̀ ńlá máa ń ní ibì kan tó yọ gọnbu síwájú lábẹ́ omi, ìyẹn ló lu Fitzgerald ní ihò tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ilé lọ, ní yàrá tí àwọn ọmọ ogun 35 ń sùn sí. Omi kún yàrá yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí omi ò jí, ẹlòmíì ló jí wọn, wọ́n ń pariwo pé omi ti wọlé, ẹ jáde, ibùsùn àti àpótí ń léfòó kiri nínú òkùnkùn, wọ́n tò sídìí àkàbà kan ṣoṣo, àwọn méjì sì dúró nísàlẹ̀ àkàbà yẹn tí wọ́n ń ti àwọn ẹlòmíì gòkè títí omi fi dé ọrùn wọn. Èèyàn 28 jáde. Èèyàn 7 ò jáde. Mo kà á fún àbúrò mi lórí fóònù, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, «Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá rí iná ọkọ̀ kan tó dúró sójú kan lára fèrèsé yín, tí kò lọ sọ́tùn-ún tí kò lọ sósì, tó kàn ń tóbi sí i, ẹ̀yin àti ẹ̀ ló máa pàdé yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nìyẹn.» Kò sí áàpù kankan nínú ohun tó sọ, ojú àti fèrèsé ni.

Èyí ló mú mi dé ibi tí MarineTraffic ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn fi ń wo ipasẹ̀ Crystal lórí máàpù, wọ́n rí i pé ó yà bìrí ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, ó tún tọ ọ̀nà ẹ̀ lọ, ìgbà tó yá ó ṣẹ́rí padà. Torí pé ìròyìn àkọ́kọ́ ní aago méjì kọjá dáadáa ni jàǹbá náà ṣẹlẹ̀, ariwo bá ta, wọ́n ní ọkọ̀ ẹrù yẹn mọ̀ọ́mọ̀ yí padà wá kọlu ọkọ̀ ogun ni, wọ́n ní ẹnì kan ti gba ìjánu ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Irọ́ gbuu. Aago tí Crystal ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tó àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun létí ni aago méjì àti ìṣẹ́jú 25 yẹn, ìgbà tó yà bìrí lákọ̀ọ́kọ́ gan-an ni wọ́n kọlura, ìgbà tó ṣẹ́rí padà ló ń padà lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀. Máàpù ò parọ́ nínú ohun tó fi hàn. Ìdajì ìtàn ló wà níbẹ̀, torí ọkọ̀ kejì ò sí lórí ẹ̀, àwọn èèyàn wá fi ìméfò dí ibi tó ṣófo. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á, torí àwọn atukọ̀ ará Philippines tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe, bíi ti àbúrò mi, wọ́n sì ti pè wọ́n ní apànìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti Norway wá tún yé mi ju ti Jápáànù lọ ní ti ọ̀rọ̀ AIS. November 8, 2018, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, Helge Ingstad, ọkọ̀ ogun wọn, ń ti ibi ìdánrawò NATO bọ̀, ó ń sá ní bíi knot 17 nínú ọ̀nà omi kan tó ń jẹ́ Hjeltefjorden, èèyàn 137 ló wà nínú ẹ̀, AIS ẹ̀ ń gbọ́, kò sọ̀rọ̀. Sola TS, táńkà tó kún fún epo rọ̀bì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní èbúté Sture. Iná ńláńlá tí wọ́n tàn sórí ẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè palẹ̀ okùn mọ́ ò jẹ́ kí iná ìrìnnà ẹ̀ hàn, àwọn ará Helge Ingstad wò ó, wọ́n ní ibi tó dúró sójú kan ni, ara èbúté ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn náà ni. Táńkà rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lórí rédà, kò ní orúkọ, ó bi àwọn tó ń darí ìrìnnà ní Fedje pé ta nìyẹn, àwọn yẹn ò kọ́kọ́ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ogun náà ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé òun ń wọlé bọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí orúkọ, tí wọ́n pè é lórí rédíò pé kó yà sọ́tùn-ún, ó fèsì pé òun ò lè yà sọ́tùn-ún àfi tóun bá kọjá iná yẹn ná. Iná yẹn gan-an ni táńkà tó ń bá a sọ̀rọ̀! Wọ́n kọlura. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun tí owó ẹ̀ ò kéré rì sómi lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n fà á jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì lọ wó o. Èmi ò rò pé ẹ̀bi ẹnì kan ni gbogbo eléyìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2023. Ká ní orúkọ ọkọ̀ yẹn wà lójú ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń wádìí ta nìyẹn, wọn ì bá ti fi yà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti USS John S. McCain náà, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà míì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹ̀ yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé tí gbogbo ọkọ̀ ogun bá ti tan AIS ọ̀rọ̀ ti parí. Oṣù méjì péré lẹ́yìn Fitzgerald ni, August 21, 2017, nígbà tó ń sún mọ́ ọ̀nà omi Singapore, kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ti yọ irin tí wọ́n ń fọwọ́ tì síwájú sẹ́yìn kúrò, ojú gíláàsì tí wọ́n ń fìka tẹ̀ bíi ti fóònù ni wọ́n fi sí i. Kápítéènì ní kí wọ́n pín iṣẹ́ sí méjì, kí ẹnì kan mú ìdarí, kí ẹlòmíì máa ṣàkóso bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, níbi tí wọ́n ti ń pín in ìdarí bọ́ sórí tábìlì tí kò yẹ, ọmọ tó ń darí wò ó, ó ní ọkọ̀ ò gbọ́ràn sóun lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kí ọkọ̀ rọra, ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ kan ló rọra, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ń sáré lọ, ọkọ̀ bá yà sósì fúnra ẹ̀, ó wọ iwájú táńkà Alnic MC. Èèyàn 10 ló kú. Lára àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ míì ni wọ́n ti yá wọn wá, wọn ò tíì mọ ẹ̀rọ yẹn dáadáa. Ní 2019 ni àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà wá sọ pé àwọn máa dá irin tí wọ́n ń fọwọ́ tì padà, nítorí àwọn atukọ̀ fúnra wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ lóru, ó dáa kí ọwọ́ ṣì máa rí i.

Lẹ́yìn ti 2017 yẹn náà ni Amẹ́ríkà sọ pé kí ọkọ̀ ogun wọn máa tan AIS níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí wọn lórí máàpù nígbà míì báyìí. Kò dá gbogbo ẹ̀ dúró o, February 12, 2025 ni Harry S. Truman, ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ òfurufú, fara gbá ọkọ̀ ẹrù Besiktas-M nítòsí Port Said ní Íjíbítì, kò sẹ́ni tó farapa, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ kápítéènì láàárín ọ̀sẹ̀ kejì.

Èyí tẹ́ ẹ bá sì rí níbẹ̀ tí wọ́n ní ọkọ̀ ogun ni, ẹ ṣọ́ra fún un. June 2021, máàpù fi HMS Defender ti Gẹ̀ẹ́sì àti Evertsen ti Nẹ́dálándì hàn pé wọ́n kúrò ní Odesa ní Ukraine lóru, wọ́n lọ sún mọ́ Sevastopol, ibùdó àwọn ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà, bẹ́ẹ̀ àwọn kámẹ́rà etíkun ń fi àwọn méjèèjì hàn ní Odesa níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́ ní gbogbo òru yẹn. Ẹnì kan ló fi ohùn wọn ṣèrú. Ohun tí áàpù bá gbọ́ ló ń sọ.

Mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti òfin tó jẹ́ kí ojú òkun ní ibi tó ṣófo ni, mi ò yọ ọ́ nítorí àwọn tó ṣe áàpù, iṣẹ́ tiwọn wọ́n ṣe é dáadáa, máàpù yá, ó rọrùn, àgbàlagbà lè lò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ béèrè nọ́ńbà IMO ọkọ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, lọ́wọ́ ọmọ yín kó tó lọ, nọ́ńbà méje ni, òun ni kẹ́ ẹ fi wá a, torí ọkọ̀ méjì lè jọ jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n sì lè pààrọ̀ orúkọ ọkọ̀, IMO kì í yí padà. Ẹ ò nílò láti sanwó àyàfi tí ọkọ̀ náà bá ń la àárín agbami kọjá tí ọkàn yín ò sì balẹ̀.

Tó bá wá dọjọ́ kan tí ọkọ̀ pòórá lórí máàpù, ẹ má figbe ta. Ó lè jẹ́ pé ó ti jìnnà sétí òkun, bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin gba kápítéènì láyè kó pa AIS níbi tó bá rí i pé ewu wà, ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, nínú Gulf of Guinea, àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ajalèlókun. Màmá wa ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́, wọn ò jẹun alẹ́. Nísinsìnyí wọ́n á ní, «Ó ti pa á nìyẹn, ó máa tàn án tó bá dọ̀hún.» Tó bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pè, ẹ gba nọ́ńbà wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ.